Bọ́tìnnì Ìyápọ̀ Ọlọ́dà

Ní nǹkan bí ọdún 1982, ọ̀nà yòówù tí èèyàn bá gbà wọ Ṣakí, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyápọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà. Òun ló kọ pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀, fún télọ̀, fún àwọn tó ń ta oògùn òyìnbó, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ilé kéwú. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìwúre sára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Ìyápọ̀ Ọlọ́dà ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀.

Kì í kánjú. Á kọ́kọ́ fi òwú tó ti rì sínú ẹfun na ìlà sára pátákó, á fi ṣọ́ọ̀kì ya lẹ́tà síbẹ̀, lẹ́yìn náà á sọdá sí òdìkejì títì, á dúró, á máa wò ó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un lè máa bẹ̀ ẹ́ pé kó yára, kò ní dá a lóhùn. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó padà wá mú búrọ́ọ̀ṣì. Bí oníṣẹ́ kò bá sì ti dárúkọ àwọ̀ kan, àwọ̀ ìyeyè ni yóò fi tẹ́ ilẹ̀ pátákó, á wá fi àwọ̀ aró kọ̀wé lé e. Àwọn èèyàn a máa dúró lókèèrè, wọ́n á ní, "Ọwọ́ Ìyápọ̀ nìyẹn."

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dé Ìbàdàn, ó dé Ìṣẹ́yìn, ó dé Ṣakí. Ohun tí Ìyápọ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ jáde kí omi tó hó. Iṣẹ́ ń dín kù, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba oko kaṣú rẹ̀ lọ lọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Ibẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a wó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀mí rẹ̀ yè, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lè di nǹkan mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó kàn dà bí ẹni pé kò rí ohun tó yẹ ní sísọ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Dúróríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bí, Ọmọ́bọ́lá, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn nígbà tí àìsàn náà dé. Ó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní kí ó jókòó sí ìlú kan pàtó. Àwọn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ, irú èyí tí èèyàn ń ṣí lórí fóònù láti fi forúkọ sílẹ̀ tàbí láti fi ra ọjà, èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ JavaScript ló sì fi ń kọ wọ́n. Bó bá ti rí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó parí. Ó gbé tábìlì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní pálọ̀. Àga bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì fèrèsé náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán: ọmọ ń tẹ kọ̀ǹpútà, bàbá ń wo ìta.

Kò pẹ́ tó dé tí Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ fi gbé iṣẹ́ wá. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti dá ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú. Ohun tó ń dà á láàmú ni ìjà àwọn aboyún lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ó fẹ́ ètò kan tí ẹni tó bá dé á fi fóònù forúkọ sílẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ á sì hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri nígbà tó bá kàn án.

Ọmọ́bọ́lá gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó ń dẹ́rù bà á. Inú iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe: bí orúkọ á ṣe wọlé, bí nọ́ńbà á ṣe máa tẹ̀ léra, bí èèyàn méjì kò ṣe ní wà lórí nọ́ńbà kan. Ojú iṣẹ́, bó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń lò ó, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe ìyẹn ní Ìbàdàn. Bọ́tìnnì tí èèyàn máa tẹ̀, àpótí tí èèyàn máa kọ orúkọ sí, káàdì tó máa gbé nọ́ńbà hàn, ó to gbogbo wọn sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n burẹ́wà. Ó mọ̀ pé wọ́n burẹ́wà; kò kàn mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ náà, ó ń mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá òun ti dìde.

"Bọ́lá, kí ló ń fún ọ̀rọ̀ yẹn lọ́rùn?"

Ó yíjú padà. "Ọ̀rọ̀ wo, bàbá mi?"

Ìyápọ̀ na ọwọ́ òsì sí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ "Forúkọ sílẹ̀" sí. "Etí rẹ̀ há mọ́ ọn lápá ọ̀tún, ó há mọ́ ọn lápá òsì. Kò rí àyè mí."

Ọmọ́bọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó wá ibi tó kọ ọ̀ṣọ́ bọ́tìnnì náà sí nínú ètò, ó fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ àti etí rẹ̀.

"Báyìí ńkọ́, sà?"

"Òkè àti ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o fún un."

"Báyìí?"

Ìyápọ̀ ń fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn yàrá. Ó dúró síbẹ̀, ó wò ó, ó tẹ orí sápá kan. "Ó dáa. Ó ku àwọn yòókù. Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n pọ̀, bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n ti dáa." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn hàn án, ó tún ṣí òmíràn. Gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ ló ti rí àyè mí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ bọ́tìnnì. Ibi tí mo bá ti fẹ́ lò ó, orúkọ rẹ̀ ni mo kàn ń pè. Bí mo bá ti tún ti orísun ṣe, gbogbo wọn á gbà á."

Inú rẹ̀ ń dùn pé òun náà ní nǹkan tí òun lè fi han bàbá òun. Ṣùgbọ́n ojú Ìyápọ̀ le díẹ̀.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Bí o bá wá ṣì í kọ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn náà ló máa bàjẹ́."

"Hùn." Ó padà lọ jókòó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ìta ló ń wò. "Bí mo bá ṣi lẹ́tà kọ sí pátákó ẹnì kan, tẹni náà nìkan ló bàjẹ́. Mo lè fi kẹrosíìnì nù ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń kan ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó máa rò ó dáadáa kó tó gbé e."

Láti ọjọ́ náà, àga Ìyápọ̀ kúrò lẹ́nu fèrèsé, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó bá ọmọ rẹ̀ mú ìwọ̀n lẹ́tà, ó bá a mú bí káàdì á ṣe jìnnà síra. Nígbà mìíràn wọ́n á jiyàn títí oúnjẹ á fi tutù. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àwọ̀, Ọmọ́bọ́lá kò béèrè. Ó kó gbogbo àwọ̀ sójú kan nínú ètò, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí bọ́tìnnì àti káàdì lè máa wá mú àwọ̀ níbẹ̀. Níwájú èyí tó pè ní "ilẹ̀", ó kọ ìyeyè sí i. Níwájú "ọ̀rọ̀", ó kọ àwọ̀ aró. Lójú kan náà, gbogbo ojú ìwé tàn yòò. Ìyápọ̀ wò ó, ó fi ọwọ́ òsì nu ojú.

Dúróríkẹ́ tó ń yọjú láti ilé ìdáná sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé, "Bàbá rẹ béèrè ẹran lálẹ́ àná. Ó ti pẹ́ tó ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi kẹ́yìn."

Wọ́n gbé iṣẹ́ lọ fún Nọ́ọ̀sì Níkẹ́, ó sì dúpẹ́. Ìjà ẹni tó kọ́kọ́ dé tán. Àmọ́ nígbà tó ṣe díẹ̀, obìnrin náà wá sílé. Ó kí Ìyápọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì pe Ọmọ́bọ́lá sẹ́yìnkùlé.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ dáa, má bínú sí mi. Yẹ́lò yẹn ni. Àwọn aboyún ní ó ń wọ àwọn lójú, òmíràn ní ó ń fa orí fífọ́ fún òun. Mo rí irú ètò yìí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn: funfun, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó mọ́ tónítóní, wọ́n fi àwọ̀ ewé díẹ̀ sí i. Ṣé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó ṣeé ṣe, mà."

"Ṣé kò ní pẹ́?"

"Kò ní pẹ́ rárá."

Ohun tó sì ń dun Ọmọ́bọ́lá nìyẹn. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nílé ìdáná.

"Sọ fún un," ni Dúróríkẹ́ wí. "Bàbá rẹ kì í ṣe ẹyin tí ọ̀rọ̀ máa fọ́."

"Ìyá mi, ẹ ò rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà ni."

"Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o sọ fún un."

Kò lè sọ ọ́. Ó dúró di ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ṣí báyìí, ó jókòó, ó pa ìyeyè rẹ́ níwájú "ilẹ̀", ó kọ funfun rọ́pò rẹ̀. Ó dín lẹ́tà kù bí Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ ti fẹ́. Gbogbo ojú ìwé yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ń wo bí ìyókù ṣe rí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tó ń bá a na ọwọ́ kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n dá Ìyápọ̀ padà láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.

Ìyápọ̀ dúró sáàárín pálọ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì ló…"

"Ó rẹ̀ mí," ni Ìyápọ̀ wí. Ó wọ yàrá lọ.

Àga náà padà sẹ́nu fèrèsé. Bí Ọmọ́bọ́lá bá kí i, á jẹ́ ẹ. Bó bá béèrè nǹkan, á mi orí. Ọ̀rọ̀ kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ́bọ́lá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń rò ó pé kí ló dé tí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti ṣe fi nira tó bẹ́ẹ̀ láti sọ.

Ní ọjọ́ ọjà kan tí Ọmọ́bọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, ìyá rẹ̀ ti ilé ìdáná sáré wọlé. "Bàbá rẹ dà?"

Kò sí lórí àga, kò sí ní yàrá, kò sí lẹ́yìnkùlé. Aládùúgbò kan tó ń jẹ́ Jẹ́ẹ́dé, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ni wọ́n pè lórí fóònù. Jẹ́ẹ́dé ní, "Èmi ni mo gbé wọn. Ilé ìgbẹ̀bí Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ ni wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Ọmọ́bọ́lá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ há abíyá, ó gun ọ̀kadà lọ. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aboyún, òun nìkan ni ọkùnrin níbẹ̀, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ ti bu omi fún un. Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó rọra jókòó tì í.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò wọ́n," ni Ìyápọ̀ wí. "Ìyá yẹn, wò ó."

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ṣàngóbùnmi ló jókòó sí iwájú wọn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé wá láti Ilérò. Nígbàkígbà tí nọ́ńbà bá yí lórí ògiri, ìyá náà á dìde, á lọ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, á wò ó, á tún padà wá jókòó.

"Lẹ́tà náà kéré fún un," ni Ọmọ́bọ́lá wí.

"Ó kéré. Ṣé o lè dá tèmi padà fún ìgbà díẹ̀? Mo fẹ́ rí nǹkan kan."

Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Níkẹ́, ó ṣí kọ̀ǹpútà lé itan, ó dá àwọ̀ ìyeyè àti lẹ́tà ńlá padà. Ògiri tàn. Ìyá Ṣàngóbùnmi kò dìde mọ́, ó ka nọ́ńbà láti ibi tó jókòó. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ síwájú orí bí ẹni tó ń wo oòrùn. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sílẹ̀. Òmíràn pa ojú dé, ó fi ọwọ́ ra iwájú orí.

Ìyápọ̀ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó ń ta wọ́n lójú." Ó mi orí. "Pátákó tí mo ń kọ, oòrùn ló ń tàn sí i. Ìyeyè máa ń gba oòrùn yẹn dáadáa ni. Èyí kò dúró de oòrùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Mi ò rò ó débẹ̀."

"Èmi náà ò rò ó, sà. Èmi tó yẹ kí n mọ̀."

"Pa á dà fún wọn."

Ó pa á dà. Ojú àwọn obìnrin náà rọ̀. Ìyá Ṣàngóbùnmi tún dìde, ó tún lọ súnmọ́ ògiri.

"Bàbá mi," ni Ọmọ́bọ́lá wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kì í ṣe ti ìyeyè ló dùn mí. O dúró kí n jáde kó o tó ṣe é, ìyẹn ló dùn mí. Nígbà tí wọ́n ń ṣí àwọn pátákó mi láàárín ìlú, ẹnì kan kì í pè mí. Èmi á kàn kọjá níbẹ̀ ni, màá rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti mọ́ mi lára láti ọwọ́ àwọn ará ìta. Ìwọ, ká ní o pè mí ni, èmi gan-an ni mo máa ní kó o pa á rẹ́."

Omijé bọ́ lójú Ọmọ́bọ́lá. Ó tún kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn. Ìyápọ̀ fi ọwọ́ òsì fà á dìde. "Dìde, dìde, wọ́n á rò pé mo nà ọ́ ni. Kí la máa ṣe sí i báyìí? Ti ara ògiri yìí, ó yẹ kí ilẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì tóbi. Ti ojú fóònù, funfun Nọ́ọ̀sì dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní gbogbo wọn ló ń gba nǹkan kan náà."

"Mo lè sọ fún káàdì yẹn nínú ètò, bàbá. Bó bá mọ̀ pé ara ògiri lòun wà, á mú àwọ̀ ti ògiri. Bó bá wà lójú fóònù, á mú ti fóònù."

"Káàdì kan náà?"

"Kan náà ni, sà. Ibi tó bá wà ló máa fi mọ bó ṣe yẹ kó rí."

Ìyápọ̀ rò ó wò. "Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ìyẹn jọ èèyàn."

Orí bẹ́ǹṣì náà ni wọ́n ti ṣe é. Ilẹ̀ ara ògiri di àwọ̀ aró tó jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ funfun bí ìgbà tí wàrà bá fẹ́ di wàràǹkàṣì. Wọ́n mú lẹ́tà tóbi títí Ìyá Ṣàngóbùnmi fi jókòó sójú kan tí kò dìde mọ́. Kí wọ́n tó kúrò, Nọ́ọ̀sì Níkẹ́ fúnra rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní òun kò rántí mọ́ bí ti Ìbàdàn ṣe rí.

Láti ìgbà náà, Ọmọ́bọ́lá kì í ṣe ojú iṣẹ́ kan láì pe bàbá rẹ̀, kì í sì í ṣe pé gbogbo ohun tí bàbá bá wí ló ń gbà. Wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ Àgọ́-Àrẹ ṣe ètò tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ tó máa kó àgbàdo wọn. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ ni Ìyápọ̀ ní òun náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ́bọ́lá dìde fún un. Ìyápọ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka òsì kan wá nọ́ńbà tó fẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ogójì ló fẹ́ kọ fún gíga bọ́tìnnì. Ìka rẹ̀ pẹ́ lórí òdo, òdo di púpọ̀. Lójijì, bọ́tìnnì kan ṣoṣo gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ mọ́ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Fi ránṣẹ́."

Ọmọ́bọ́lá wo ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé ó máa dìde.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ìyápọ̀ wí, "kí àwọn ará Ìgbòho náà lè máa rí i kà láti ilé wọn."

Òun ni ẹ̀rín kọ́kọ́ pa kó tó pa ọmọ rẹ̀. Dúróríkẹ́ sáré jáde láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́ fún un.